Ibi Olú Tí Pépé Fi Han Àlejò

Ní Chantegrel, abúlé wa lórí òkè ní ilẹ̀ Faransé, ẹ lè bi ènìyàn léèrè ohun tó jẹ lánàá, ẹgbẹ́ tó dìbò fún, àti ìdí tí ìyàwó rẹ̀ fi kó jáde nílé. Yóò dá yín lóhùn, ó tilẹ̀ lè bu wáìnì fún yín lé e. Ṣùgbọ́n ẹ má bi í níbi tó ti rí olú. Ẹni tó bá béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ní ẹ̀kọ́ ilé, a ó sì sọ ọ́ lójú rẹ̀. Bí òjò ìparí oṣù kẹsàn-án bá ti rọ̀, tí oòrùn ọjọ́ méjì tẹ̀ lé e, gbogbo wa a di òpùrọ́. Ẹni tó ń lọ sókè á kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò kó tó yà. Tí àjèjì bá gbé ọkọ̀ wá sí ẹ̀bá igbó wa, tó bá a pé wọ́n ti gún táyà rẹ̀ nígbà tó padà dé, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ṣe é.

Olú tí mò ń wí kì í ṣe olú kan ṣáá. Sẹ́ẹ̀pù ni, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sanra, tí fìlà orí rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú bí èèpo búrẹ́dì. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tirẹ̀ nínú igbó, bàbá ló sì ń fi han ọmọ, nígbà tí bàbá náà bá rí i pé ọjọ́ alẹ́ òun ti dé tán. Kì í ṣe ṣáájú ìgbà náà. Nínú gbogbo wa, ti Firmin Chassagne ló dára jù. Ọgọ́ta ọdún ló fi ń ti inú igbó bọ̀ pẹ̀lú agbọ̀n tó kún, tó fi aṣọ bo orí rẹ̀, tó sì ń kí gbogbo ènìyàn bí ẹni tó kàn lọ na ẹsẹ̀.

Odile ni ọmọ ọmọ rẹ̀, òun nìkan náà ló sì kù fún un. Katakata ló yí lu bàbá Odile nígbà tí ọmọ náà wà ní ọdún mẹ́rin. Ìyá rẹ̀ lọ fẹ́ ẹlòmíràn ní Toulouse, káàdì ọdún Kérésìmesì nìkan la sì ń rí láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Pépé ni Odile ń pe Firmin, bí gbogbo ọmọ ibí ṣe ń pe bàbá àgbà wọn. Firmin ló tọ́ ọ, òun ló kọ́ ọ ní kẹ̀kẹ́ gígùn, òun ló sì dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n fi ọmọ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí bàtà rẹ̀, tó wo àwọn ọmọ náà títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Nígbà tí Odile pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó lọ sí Wales lọ ṣiṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì kan létí òkun. Ibẹ̀ ló ti bá Nerys Pugh pàdé, ọmọ àwọn tó ń sin àgùntàn lórí òkè. Àwọn méjèèjì jọ ń fọ abọ́, wọ́n jọ ń sá lọ síbi òkun ní àsìkò ìsinmi, wọ́n sì jọ ń rẹ́rìn-ín òyìnbó ara wọn tí kò bára mu. Ọ̀gá ilé ìdáná rí i pé Odile mọ adùn oúnjẹ, ó ní kó dúró, òun á kọ́ ọ níṣẹ́ sísè. Odile ní òun á dúró. Ní oṣù karùn-ún, wọ́n pè é lórí fóònù. Pépé ti yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn yàrá abẹ́ ilé, egungun ìbàdí rẹ̀ ti kán. Odile wá fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ti di ọdún mẹ́sàn-án.

Ó wáṣẹ́ ìpín-lẹ́tà. Òun lẹ máa ń rí nínú ọkọ̀ yẹ́lò kékeré tó ń gun òkè wa láràárọ̀. Kó tó jáde, á ti lọ kọfí Pépé nínú ẹ̀rọ kan tó ń pariwo débi pé bàbá náà máa ń fi ọwọ́ méjèèjì dí etí, á ti gé búrẹ́dì rẹ̀, á ti to òògùn rẹ̀. Bó bá dé lọ́sàn-án, á se ọbẹ̀ ewébẹ̀. Ní Sátidé, á fọ ẹ̀yìn rẹ̀, á gé èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti le bí ìwo. Ọkùnrin kan láti Tulle wá fẹ́ ẹ, ó wá fún ọdún kan gbáko, ó ní kí wọ́n jọ lọ máa gbé ní ìlú. Odile ní ta ló máa wà pẹ̀lú Pépé? Ọkùnrin náà kò wá mọ́.

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, Pépé kò fi ibi olú hàn án.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé nítorí jíjẹ ni. Odile lè ra sẹ́ẹ̀pù lọ́jà bó bá wù ú. Ṣùgbọ́n níbí, bàbá kì í sọ fún ọmọ pé "mo fẹ́ràn rẹ". Ojú á tì wá kú. Igbó la fi ń sọ ọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá mú ọ lápá, tí wọ́n ní "ibí ni", ọjọ́ yẹn lo mọ̀ pé ọmọ ni ọ́, pé wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé ọ, pé lẹ́yìn wọn, ìwọ ló kàn. Odile béèrè lẹ́ẹ̀kan ní ọdún kẹrin. Pépé ní, "O ṣì kéré." Ó tún béèrè ní ọdún tó kọjá. Pépé ní, "Àkókò ò tíì tó." Ó ti pé ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, ó ń fi ìbàdí kọ lu àga, ó ń gbàgbé orúkọ ọjọ́. Àkókò wo ló kù? Bó bá kú bẹ́ẹ̀, ibi náà bá a lọ nìyẹn, Odile á sì di ẹni tí wọn kò fún.

Báyìí lọ̀rọ̀ wà tí lẹ́tà Nerys fi dé pé òun ń bọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n ti ń kọ̀wé síra wọn, Nerys sì ti fi kọ́ Faransé díẹ̀díẹ̀. Nerys kò rìnrìn àjò rí kúrò ní erékùṣù wọn, nítorí àgùntàn kì í gba ìsinmi. Ìwé ìrìnnà rẹ̀ ṣì ń rùn tuntun. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Brive, inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi ẹnu kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ Odile lẹ́ẹ̀mẹrin, tó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tó bá a sọ àpò rẹ̀ kalẹ̀. Ó ti gbọ́ pé bí a ṣe ń kíra wa nìyẹn, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun bí aláìmọ̀ọ́ṣe. Odile rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Pépé náà fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nerys mú ìbọ̀sẹ̀ tí ìyá rẹ̀ fi irun àgùntàn hun wá fún un, Pépé sì wọ̀ ọ́ níbẹ̀, kò bọ́ ọ mọ́. Lórí tábìlì, nígbà tí ọbẹ̀ kù díẹ̀ nínú abọ́, ó da wáìnì pupa sí i, ó gbé abọ́ náà sẹ́nu, ó mu ún tán.

"Ìwọ náà ṣe é, kékeré. Bí a ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn."

Nerys ṣe é. Ó wúkọ́, ó nu ẹnu, ó ní, "Ẹ bu òmíràn fún mi."

"Ẹ gbọ́ o!" Pépé na ọwọ́ lu tábìlì. "Odile, ẹni yìí ti di ọmọ ilé."

Ọ̀rọ̀ tó sọ gan-an nìyẹn. Odile rẹ́rìn-ín sí i nígbà náà. Ó dìgbà tó yá kó tó rántí rẹ̀, tó sì dà bí ẹ̀gún lọ́fun rẹ̀.

Ọ́fíìsì kò fún Odile ní ìsinmi títí di Jímọ̀, nítorí náà Nerys àti Pépé ni wọ́n jọ ń wà nílé láràárọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, Ọjọ́rú, Odile dé ní aago kan kọjá. Ó kọ́kọ́ gbọ́ òórùn ilẹ̀ tútù kó tó ṣílẹ̀kùn. Wọ́n ti tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì. Sẹ́ẹ̀pù mẹ́rìnlá ló wà lórí rẹ̀, ńlá ńlá, tí ìdin kò kàn. Pépé ń fi ọ̀bẹ ha ẹsẹ̀ wọn, ó ń fi àtàǹpàkò wá ibi tí iyẹ̀pẹ̀ wà. Nerys jókòó tì í, ewé gbígbẹ nínú irun, ẹrẹ̀ dé orúnkún.

"Odile! Wá wò ó! Wá wo nǹkan tá a rí!"

"Níbo lẹ ti rí i?"

Odile sọ ọ́ kó tó mọ̀ pé òun sọ ọ́. Ìbéèrè tí a kì í béèrè, nínú ilé ara rẹ̀. Pépé kò gbójú sókè.

"Níbi ti Pépé ni!" ni Nerys wí. "Ó mú mi lọ. A rìn, a rìn, a gun òkè, a tún sọ̀, ó di apá mi mú pinpin. Odile, ibẹ̀ dára o! Wọ́n pọ̀ lábẹ́..."

"Kékeré," ni Pépé wí jẹ́jẹ́. "Kí la jọ sọ?"

Nerys fi ọwọ́ bo ẹnu. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Ẹ jọ̀ọ́. Mo gbàgbé. Mo ti búra," ló sọ fún Odile, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àpárá ni.

Odile ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì lẹ́tà lọ́rùn. "Ọjọ́ mẹ́ta," ló wí.

"Kí ni?" ni Pépé wí.

"Ọjọ́ mẹ́ta ló ti wà nílé yìí. Ọjọ́ mẹ́ta, Pépé!"

"Wá jókòó. Ọbẹ̀ ń tutù."

"Mi ò jẹ ọbẹ̀. Èmi ni mo sè é, mo mọ bó ṣe rí."

"Àlejò ni," ni Pépé wí, ó sì ń ha olú rẹ̀ lọ. "Sátidé ló ń lọ. Ẹni tó ń lọ kò lè kó wọn."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Èmi ló lè kó wọn. Èmi lolè."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí lẹ wá sọ? Ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́. Ẹ ti ń ha ẹsẹ̀ olú yẹn láti ìgbà tí mo ti wọlé, ó ti mọ́!"

Nerys ń wo ẹnu àwọn méjèèjì, Faransé rẹ̀ kò lè sá tẹ̀ lé wọn, ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ pé ohun tí òun rò pé ayọ̀ ni kì í ṣe ayọ̀. Odile ju báàgì sílẹ̀. Ó jáde lọ sẹ́yìnkùlé, ó mú àáké, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í la igi. Igi ìdáná tó lè gbé wọn la òtútù já dé oṣù kejì ló là ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Èmi ò mọ bí inú tiyín ṣe rí, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èmi ni, àwọn olú yẹn ni ǹ bá fi àáké lé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Odile lọ sídìí ọkọ̀ oníbúrẹ́dì. Gilberte ti wà níbẹ̀, obìnrin tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ ilé wọn, tí kì í lọ síbì kankan tí ọ̀rọ̀ kò sí.

"Mo rí bàbá àgbà rẹ lánàá," ni Gilberte wí. "Òun àti ọmọ Wales yẹn. Agbọ̀n wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n fi aṣọ bò ó."

"Ewébẹ̀ ni."

"Ewébẹ̀!" Gilberte wo oníbúrẹ́dì, àwọn méjèèjì sì di ẹ̀rín mọ́nú. "Ó dáa, ewébẹ̀ ni. Kí lo ṣe fún bàbá yẹn gan-an, Odile? Àbí ọbẹ̀ rẹ ni kò dùn ni?"

"Ẹ gba búrẹ́dì yín kẹ́ ẹ máa lọ, Gilberte."

"Ṣé èmi lò ń kanra mọ́? Èmi kọ́ ni mo ń fi dúkìá ìdílé han àlejò o."

Odile gba búrẹ́dì méjì. Ó tẹ̀ wọ́n mọ́ra débi pé ọ̀kan ti ṣẹ́ kó tó délé. Kì í ṣe pé Gilberte purọ́. Ohun tó ń dùn ún nìyẹn. Gbogbo Chantegrel ti mọ̀ báyìí pé wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n sì mú ẹlòmíràn.

Ó dín olú náà fún wọn pẹ̀lú aáyù àti bọ́tà, ó gbé e síwájú wọn, òun sì jẹ ẹyin. Fún ọjọ́ méjì, kò sọ ju "ẹ gbà" àti "ó ti tán" lọ. Nerys gbìyànjú láti bá a nu abọ́, Odile gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Nerys ní kí wọ́n lọ sétí odò ní Jímọ̀ tó ti gba ìsinmi. Odile ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Ìsinmi kan ṣoṣo tó gbà lọ́dún yẹn, ó fi fọ fèrèsé.

Ní Sátidé, ó gbé Nerys lọ sí Brive. Òjò ń rọ̀. Wọ́n dé ìdajì ọ̀nà.

"Sọ fún mi," ni Odile wí.

"Mo ti búra, Odile."

"Ta lo búra fún? Ọkùnrin tí o kò mọ̀ rí lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Ó ní kí n fi orí ìyá mi búra. Mo fi í búra."

Odile ya ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó tẹ búréèkì tó bẹ́ẹ̀ tí àpò Nerys fi ṣubú lórí àga ẹ̀yìn. "Ṣé ọ̀rẹ́ mi ni ọ́ àbí ọ̀rẹ́ rẹ̀? Mo jókòó nínú ilé yẹn ní ọdún mẹ́sàn-án! O wá, o mu ọbẹ̀ wáìnì lẹ́ẹ̀mejì, o wọ ibi tí wọn ò jẹ́ kí n wọ̀, o sì ń bá mi sọ ọ̀rọ̀ orí ìyá rẹ!"

Nerys ń sunkún. "Tìrẹ ni mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ èyí tí mi ò búra lé lórí." Ó mí kanlẹ̀. "Kò ríran mọ́, Odile."

"Ta ni?"

"Pépé. Àwọn olú yẹn, kò rí ọ̀kankan nínú wọn. Ó mọ ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Nígbà tá a débẹ̀, ó dúró, ó ní, 'Wò ó lápá òsì, kí lo rí?' Èmi ni mò ń wò ó fún un. Ó ti tẹ méjì mọ́lẹ̀. Ó ní kí n má sọ pé òun tẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n kò ní kí n búra sí ìyẹn."

Odile rántí ìbàdí tó ń kọ lu àga. Ó rántí àtàǹpàkò tó ń wá iyẹ̀pẹ̀ lára olú. Ó bínú sí ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan.

"Kí ló dé tí kò mú mi lọ? Ojú mi kò fọ́."

"Mo bi í." Nerys kò wò ó. "Ó ní bí òun bá fi hàn ọ́, kí ló máa kù tí wàá máa dúró dè? Ó ní o máa lọ. Ó sọ ọ̀rọ̀ ẹnì kan, Anselme."

Kò sẹ́ni tí kò mọ ọ̀rọ̀ Anselme níbí. Ọmọkùnrin rẹ̀ méjì tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin fún ọdún mẹ́fà, wọ́n ń ti ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn, wọ́n ń gé ẹran fún un. Nígbà tó di ọjọ́ kan ní oṣù kẹwàá, ó fi ibi olú rẹ̀ hàn wọ́n. Kí Ọjọ́ Àwọn Ẹni Mímọ́ tó dé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, wọ́n ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ilé àwọn arúgbó. Kò rí oṣù kejì ọdún tuntun. Láti ìgbà yẹn, kò sí àgbàlagbà kan ní Chantegrel tó ń yára fi igbó han ọmọ.

Odile di ìdarí ọkọ̀ mú. Ẹ̀rín kan jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín burúkú. "Nítorí olú," ló wí. "Ó rò pé nítorí olú ni."

Ìbínú tó ti ní tẹ́lẹ̀, ìbínú ọmọ tí wọn kò fún nǹkan ni. Èyí yàtọ̀. Ó ronú kan ẹ̀yìn tó ń fọ ní gbogbo Sátidé. Ó ronú kan ọ̀gá ilé ìdáná ní Wales, àti ọkùnrin Tulle tó dúró fún ọdún kan. Ní gbogbo ìgbà tó ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gé èékánná ẹsẹ̀ yẹn, bàbá náà jókòó lókè orí rẹ̀, ó ń rò pé ẹni tó ń dúró de ogún ló wà nísàlẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi jẹ ọbẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú èrò yẹn nínú. Ó tún gbé ọkọ̀ padà sójú títì.

Ní ibùdókọ̀, Nerys dì mọ́ ọn, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. "Wá sọ́dọ̀ mi. Jọ̀ọ́. Ṣé ò ń bínú sí mi?"

"Mi ò bínú sí ọ." Odile gbé àpò rẹ̀ lé e lọ́wọ́. "Irọ́ ni. Mò ń bínú sí ọ. Ó máa tán. Wọlé, ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra."

Nígbà tó padà dé Chantegrel, Pépé wà lórí àga rẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ Wales lẹ́sẹ̀. Odile kò bọ́ ẹ̀wù òjò.

"Olú mélòó lẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀, Pépé?"

Pépé fa ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ sókè. "Ọmọ yẹn lẹ́nu."

"Láti ìgbà wo lẹ ò ti ríran mọ́?"

"Mò ń ríran. Mo rí ọ."

"Àwọ̀ wo ni ẹ̀wù mi?"

Ọwọ́ Pépé bẹ̀rẹ̀ sí í wá etí tábìlì. "Ṣé wàá gbé mi lọ síbẹ̀?"

"Síbo?"

"O mọ ibi tí mò ń wí. Síbi tí wọ́n gbé Anselme lọ."

"Ẹ rò pé nítorí olú ni mo fi ń fọ ẹ̀yìn yín!" Ohùn rẹ̀ lọ sókè débi pé ajá Gilberte dáhùn nísàlẹ̀. "Ẹ rò bẹ́ẹ̀, ẹ sì ń jẹ́ kí n fọ̀ ọ́! Ẹ dáhùn!"

"Kí ló tún wà níbí, Odile?" ni bàbá náà wí. Kò pariwo. Ó béèrè rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́. "Kí ló wà níbí tí ọmọbìnrin lè dúró tì? Òkè, àti òjò, àti èmi."

Odile la ẹnu. Ìdáhùn wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ṣùgbọ́n inú ń bí i jù, ó sì yíjú padà lọ sí yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀.

Nígbà tó jáde ní òwúrọ̀ Sọ́ńdè, Pépé ti múra. Ó ti dé fìlà igbó, agbọ̀n wà lápá rẹ̀, ó sì ti wọ bàtà òjò rẹ̀, ti òsì ní ọ̀tún, ti ọ̀tún ní òsì. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ọmọ tó ń retí ọkọ̀ ilé ẹ̀kọ́.

"Òjò ti dá," ló wí. "Wá ká lọ."

"Rárá."

"Odile, mo ní mo fẹ́ fi hàn ọ́."

"Mo gbọ́. Mi ò fẹ́ ẹ."

"O ò lè sọ pé o ò fẹ́ ẹ. Ti ìdílé ni. Bàbá mi ló fi hàn mí. Bí mo bá kú..."

"Ẹ mú un lọ. Ẹ fi hàn wọ́n lọ́run."

Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n. Lẹ́yìn náà, ó fi ọwọ́ wá àga, ó jókòó. Odile gbé omi kaná. Ó gbé ẹ̀rọ kọfí kalẹ̀, ó da èso kọfí sí i.

"Wàá gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kékeré," ni Pépé bẹ̀rẹ̀ lójijì, ohùn rẹ̀ ń yára, bí ẹni tí ń bẹ̀rù pé wọ́n á dá òun dúró. "Má gba ojú ọ̀nà. Wàá ka igi óákù..."

Odile tẹ ẹ̀rọ náà.

Ariwo rẹ̀ kún ilé ìdáná. Pépé gbé ohùn sókè, kò sì dí etí bó ṣe máa ń ṣe. Odile rí i tí ẹnu rẹ̀ ń lọ. Ó rí ìka rẹ̀ lórí aṣọ tábìlì, tó ń fa ọ̀nà kan, tó yà sí òsì, tó gòkè, tó sì tún yà, nígbà náà ló kọjú sí ògiri kó má bàa rí i. Kọfí náà lọ̀ tán. Ó di ìyẹ̀fun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ohun tó ń jóná. Odile kò gbé àtàǹpàkò kúrò. Omijé ń bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀, inú sì ń bí i sí omijé náà pẹ̀lú.

Nígbà tí kò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́, ó fi í sílẹ̀.

"...lábẹ́ ibẹ̀ ni," ni Pépé ń wí. Ó mí. "Ibẹ̀ náà ni. Ṣé o gbọ́?"

Odile da omi sí kọfí. Ó gbé abọ́ náà lé e lọ́wọ́ méjèèjì, ó sì pa ìka rẹ̀ dé mọ́ ọn, nítorí pé apá ibi tí kò sí ló ń na ọwọ́ sí. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Odile. Ṣé o gbọ́ mi?"

"Lọ́la, mi ò ní lọ síbi iṣẹ́," ló wí. "Dókítà ojú la máa lọ rí. Ẹ gbé ẹsẹ̀ yín wá, ẹ ti wọ bàtà sódì."